Ta Ló Ni Nọ́ńbà 56? Ọ̀rọ̀ Àwọn Jẹ́sì Tí New York Giants Gbé Kọ́

Nígbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà New York Giants mú Abdul Carter ní oṣù kẹrin ọdún 2025, òun ni ẹni kẹta tí wọ́n pè nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀ sí líìgì NFL lọ́dún náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó já lu ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, kó gbé e ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí 56 ni ọmọkùnrin náà ń fẹ́.

Ẹni tó bá mọ Giants á ti mirí. Lawrence Taylor ló wọ 56 láti 1981 títí tó fi fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà 1993. Super Bowl, ìyẹn ife àṣekágbá NFL, méjì ni wọ́n gbà nígbà tirẹ̀. Ní sáà 1986, òun ni wọ́n kéde pé ó ta gbogbo agbábọ́ọ̀lù líìgì náà yọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń dènà kì í sábà gba irú àmì ẹ̀yẹ yẹn. Ṣáájú rẹ̀, Alan Page ti Minnesota nìkan ló gbà á nínú àwọn tó ń dènà, ní 1971. Ní oṣù kẹwàá 1994 ni Giants gbé jẹ́sì 56 kọ́ níwájú èrò, wọ́n ní ó parí, ẹnì kan kò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Carter lọ bá Taylor. Taylor ní rárá. Kò bú u, kò sì tàn án: ó ní kó wá nọ́ńbà mìíràn, kó sọ ìyẹn di olókìkí. Carter wá yí sí 11, èyí tó wọ̀ ní Yunifásítì Penn State. Ìyẹn náà ti wà lórí ògiri. Ti Phil Simms ni, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Giants lásìkò Taylor. Nínú Super Bowl oṣù kìíní 1987, ìgbà 25 ni Simms ju bọ́ọ̀lù, ìgbà 22 ló sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tirẹ̀. Simms fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ní kò burú. Ó gbé e délé, àwọn ará ilé rẹ̀ ní àwọn ò gbà. Bí Carter ṣe di ẹni tó ń wọ 51 nìyẹn.

Ẹni tó bọ́ 51 sílẹ̀ kò tíì jìnnà. Azeez Ojulari, ọmọ tiwa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ló wọ̀ ọ́ láti 2021 kó tó kọjá sí Philadelphia Eagles níbẹ̀rẹ̀ 2025. Kò sẹ́ni tó ní kí Carter lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́sì tí wọn ò gbé kọ́, ẹni tó bá dé ló ń wọ̀ ọ́.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí wá gbé síta ni pé lórí ìwé, ẹgbẹ́ ló ni gbogbo nọ́ńbà. Bí Giants bá fẹ́, wọ́n lè yọ 56 lórí ògiri lọ́la kí wọ́n fún ẹni tó wù wọ́n. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, Taylor ni wọ́n lọ bá, ilé Simms ni wọ́n lọ bá, ohun tí wọ́n sì sọ níbẹ̀ labẹ́ gé. Kò sí òfin líìgì tó sọ pé kó rí bẹ́ẹ̀. Àṣà ni, kò sì tíì pẹ́ tó fìdí múlẹ̀.

Gbígbé jẹ́sì kọ́ fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Àwọn eléré hockey orí yìnyín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kánádà. Ní oṣù kejìlá 1933, eléré Boston kan kọ lu Ace Bailey ti Toronto Maple Leafs, orí rẹ̀ fọ́, kò sì lè ṣeré mọ́ láyé. Ní oṣù kejì 1934, Toronto kéde pé ẹnì kan kò ní wọ nọ́ńbà 6 rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Giants ṣe irú ẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, wọ́n gbé nọ́ńbà 1 kọ́ fún Ray Flaherty.

Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní ni kò mọ Flaherty, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 1934, Giants gbàlejò Chicago Bears nínú ìdíje àṣekágbá ní pápá Polo Grounds, ní Manhattan. Òjò ti rọ̀, òtútù ti sọ ilẹ̀ di yìnyín, gbogbo ènìyàn ló ń yọ̀ ṣubú. Flaherty sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá Steve Owen pé nígbà tóun wà ní ilé ìwé Gonzaga, kánfáàsì làwọn fi gbá bọ́ọ̀lù lórí irú ilẹ̀ yìí. Wọ́n rán ènìyàn sí ilé ìwé Manhattan College pé kó lọ kó kánfáàsì wá. Bears ń na Giants 10 sí 3 nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Kánfáàsì dé, àwọn ọmọ Giants pààrọ̀ bàtà, wọ́n sì gba àmì 27 ní ìdá kẹrin nìkan. 30 sí 13 ló parí sí. Bàtà ló jẹ wọ́n.

Wọ́n gbé jẹ́sì Flaherty kọ́ ní 1935. Ní 1936 ó lọ di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Washington Commanders lónìí, ìyẹn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Boston. Ní oṣù kejìlá 1937, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Polo Grounds kan náà, wọ́n sì na Giants 49 sí 14. Nọ́ńbà rẹ̀ kò kúrò lórí ògiri fún ìyẹn.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ Giants yá sí i. Wọ́n gbé 7 kọ́ fún Mel Hein, tó gbá bọ́ọ̀lù fún sáà 15; wọ́n gbé 4 kọ́ fún Tuffy Leemans, 50 fún Ken Strong, 42 fún Charlie Conerly, 40 fún Joe Morrison, 16 fún Frank Gifford. Eli Manning àti Michael Strahan ló dé kẹ́yìn, 10 àti 92, ní sáà kan náà, 2021.

Èyí tó máa ń ká mi lára jù nínú wọn ni 32. Al Blozis ló wọ̀ ọ́, òmìrán ènìyàn tó tún jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú jíju irin. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ológun ní ó ti ga jù, kó jókòó sílé. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà á. Ní oṣù kejìlá 1944, wọ́n fún un láyè, ó gbá ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú Giants. Ní ìparí oṣù kìíní 1945, lórí òkè Vosges ní ilẹ̀ Faransé, méjì nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò padà dé láti ibi tí wọ́n lọ ṣọ́. Òun nìkan gba inú yìnyín lọ láti wá wọn. Kò padà. Ọmọ ọdún 26 ni.

Ẹ wá wo ẹni tí kò sí lórí ògiri. Emlen Tunnell ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún Giants. Ní 1948, kò sẹ́ni tó pè é. Láti Pennsylvania ló ti ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ọkọ̀ tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sì gbé e dé New York. Ó wọlé sí ọ́fíìsì Tim Mara, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1925, ó ní òun ń wá iṣẹ́. Wọ́n gbà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́, ìgbà 74 ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún Giants, 79 ní gbogbo ayé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọjá iye yẹn títí di 1979. Ní 1967, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí gbọ̀ngàn àwọn olókìkí bọ́ọ̀lù ní Canton, ní Ohio. Nọ́ńbà 45 rẹ̀ kò di ohun àgbékọ́. Ti Roosevelt Brown, 79, náà kò dì í. Ti Harry Carson, 53, náà kò dì í. Àwọn méjèèjì wà ní Canton.

Nínú ènìyàn 14 tí Giants gbé jẹ́sì wọn kọ́, aláwọ̀ dúdú méjì péré ló wà níbẹ̀, Taylor àti Strahan. Mi ò ní kó ìyẹn lé orí ẹnì kan, nítorí Sam Huff tó jẹ́ aláwọ̀ funfun náà wà ní Canton, 70 rẹ̀ sì ń rìn káàkiri. Ohun tí mo rí ni pé kò sí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá wà nípò lọ́dún yẹn, bí inú rẹ̀ bá ṣe dùn sí agbábọ́ọ̀lù kan, ló ń dá a. Ẹni tó bá ń fi ògiri Giants díwọ̀n ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ yìí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó sọ ọ́ di wàhálà lásìkò yìí ni òfin kan tí líìgì yí padà ní 2021, lórí àbá tí Kansas City Chiefs mú wá.

Ṣé ẹ rí i, nínú bọ́ọ̀lù tiwa, ẹni tó ń gbá wájú lè wọ 9, ó lè wọ 77, kò kan adájọ́. Ní NFL, ipò ló ń sọ nọ́ńbà. Ṣáájú 2021, ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù lókè kò lè wọ ju 10 sí 19 tàbí 80 sí 89 lọ. Àwọn tó ń dènà láàárín, irú Taylor, 40 sí 59 tàbí 90 sí 99 ni tiwọn. Nọ́ńbà kéékèèké, 1 sí 9, wà fún àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gbá a nìkan. Nọ́ńbà 1 Flaherty lè wà lórí ògiri títí ayé, kò sí ẹni tí yóò dà á láàmú.

Òfin tuntun ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń dènà lẹ́yìn, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, gbogbo wọn lè wọ 1 dé 49. Àwọn tó ń dènà láàárín lè wọ 1 dé 59. Ní 2023, Philadelphia Eagles dá àbá pé kí wọ́n fi 0 kún un, líìgì gbà. Kíá ni gbogbo ọ̀dọ́ yí sí nọ́ńbà kéékèèké, nítorí òun ni wọ́n wọ̀ ní yunifásítì, òun ló sì dára lójú wọn. Micah Parsons, tó ti Penn State wá, wọ 11 ní Dallas láti 2021 dé 2024. Carter tó wá láti ilé ìwé kan náà rí i. Bí kì í bá ṣe òfin yìí, Carter kò tilẹ̀ lè dárúkọ 11.

Giants ló wá fara kááṣá jù, torí pé nọ́ńbà kéékèèké ni wọ́n kó pa mọ́. 1, 4, 7, 10, 11, 14, 16: méje nínú 17 àkọ́kọ́, láti 0 dé 16, ló wà lórí ògiri. Nígbà ìgbaradì, ẹgbẹ́ lè ní agbábọ́ọ̀lù 90. Nọ́ńbà 100 ló wà láyé, Giants sì ti tì 13 mọ́lé. 87 ló kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ènìyàn méjì tó wọ nọ́ńbà kan náà nígbà ìgbaradì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọlù, èkejì nínú àwọn tó ń dènà. Chicago Bears tilẹ̀ ju wọ́n lọ, 14 ni tiwọn. Ní 2013 tí wọ́n gbé 89 Mike Ditka kọ́, wọ́n sọ gbangba pé òun ni ìkẹyìn. Líìgì fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa gbé nọ́ńbà kọ́, àmọ́ kò ní kí wọ́n má ṣe é.

Lẹ́yìn òfin tuntun yìí, Malik Nabers ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ògiri Giants. Wọ́n mú un láti Yunifásítì LSU ní 2024, ẹni kẹfà tí wọ́n pè lọ́dún náà, òun sì ni ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù. 8 ló wọ̀ ní yunifásítì, Daniel Jones sì ti wà nínú 8 ní Giants. Wọ́n fún un ní 9 nígbà ìgbaradì. Ó kù díẹ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ kéde pé àwọn ti bá ìdílé Flaherty sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà, Nabers yóò máa wọ 1. Flaherty ti kú láti 1994. Ọmọ náà gba bọ́ọ̀lù ìgbà 109 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kábàámọ̀ ohun tí wọ́n ṣe.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àṣà tuntun ti fìdí múlẹ̀. Ìdílé Flaherty gbà, ọ̀rọ̀ di fífúnni. Nígbà tí ti Carter wá dé lọ́dún kejì, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni ẹgbẹ́ fẹ́. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹnu Taylor. Àwọn kan bínú sí Taylor pé ahun ni. Mi ò bá wọn pé. Ọkùnrin náà ṣì wà láyé, ó ṣì ń lọ sí pápá, àwọn tó wò ó lójú ara wọn ṣì ń ra jẹ́sì 56. Nígbà tí wọ́n mú nọ́ńbà Flaherty, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rùn-ún ọdún tó ti wà lórí ògiri. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a ń rántí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń bá wa jẹun.

Giants kọ́ ló ń tọrọ àyè nìkan. Ní 2012, Peyton Manning dé Denver, ó ń fẹ́ 18, nọ́ńbà Frank Tripucka tí wọ́n ti gbé kọ́. Tripucka ṣì wà láyé, ó ní kó wọ̀ ọ́. Ní 2004, Jerry Rice dé Seattle, Steve Largent sì yọ̀ǹda 80 rẹ̀ fún un. Ní 2021, J.J. Watt dé Arizona, ọmọ olóògbé Marshall Goldberg ló ní kó wọ 99 bàbá òun. Nínú gbogbo rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù tó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀ ló ń tọrọ. Nabers àti Carter kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan rárá ní líìgì nígbà tí ọ̀rọ̀ tiwọn dé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, mo sì rò pé ó wà lára ohun tí ilé Simms wò.

Àwọn ẹgbẹ́ kan kò tilẹ̀ gbé jẹ́sì kankan kọ́. Ní ilẹ̀ wa, oyè kì í bá olóyè wọ sàréè. Balógun kan kú, a fi Balógun mìíràn jẹ. Bí Dallas Cowboys ṣe ń ṣe 88 gan-an nìyẹn. Drew Pearson wọ̀ ọ́, ó kan Michael Irvin, ó kan Dez Bryant, ó kan CeeDee Lamb ní 2020. Ẹni tí wọ́n bá fún mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn àgbà ni wọ́n ń kọ yí pápá ká, Ring of Honor ni wọ́n ń pè é, láti 1975.

Giants náà ní tiwọn láti 2010, ibẹ̀ sì ni Osi Umenyiora wà. Ìlú London ni wọ́n bí i sí, ó gbé ní Nàìjíríà nígbà èwe rẹ̀, ó wá gba Super Bowl méjì pẹ̀lú Giants nínú nọ́ńbà 72. Wọn kò gbé 72 kọ́. Jermaine Eluemunor ló ń wọ̀ ọ́ fún Giants láti 2024, òun náà ọmọ tí wọ́n bí sí London, tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà lára rẹ̀. Bóyá ẹgbẹ́ náà rò ó tàbí wọn kò rò ó, ó dùn mọ́ mi ju kí jẹ́sì náà wà nínú gíláàsì lọ.

Ó ku ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí 1. Nabers fi orúnkún ṣèṣe ní oṣù kẹsàn-án 2025, sáà rẹ̀ parí síbẹ̀. Bó bá padà, tó sì ṣe bí ẹni tí gbogbo wa rò pé yóò jẹ́, ẹgbẹ́ yóò tún dá ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Denver ti ṣe é: 18 ti padà sórí ògiri, ti Tripucka àti Manning ni. Giants náà kò ní láti lọ wo ilé ẹlòmíràn. Wọ́n ti gbé 14 kọ́ fún Ward Cuff, tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn láti 1937 dé 1945. Nígbà tí Y.A. Tittle dé láti San Francisco ní 1961, tó ti ń wọ 14 bọ̀, wọ́n gbé e fún un. Tittle gbé wọn dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, wọn kò gba ìkankan níbẹ̀, wọ́n sì gbé 14 kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ méjèèjì sì ló wà lórí rẹ̀ títí dòní.